Gbèsè Tí A Jẹ Ẹṣin Arúgbó

Òwe kan wà ní ilẹ̀ wa tí ọmọdé àti àgbà mọ̀: bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Nígbà tí a bá ń pa òwe yìí, baba àti ìyá tí wọ́n ti darúgbó ni a máa ń ní lọ́kàn. Kò sì sí ẹni tí yóò jiyàn rẹ̀, nítorí ẹni tí ó bí ni, tí ó pọn ni, tí ó sì fi òógùn ojú rẹ̀ bọ́ ni, ó tọ́ kí a bọ́ òun náà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà bi ara wa, òun ni mo sì fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò: ẹranko tí ó ti sìn wá títí agbára rẹ̀ fi tán, tí kò lè sọ̀rọ̀, tí kò sì ní ọmọ tí yóò fún un ní ọmú, ta ni yóò bọ́ ọ? Ẹṣin ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òun jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹran ọ̀sìn tí ó máa ń wà láàyè fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti parí.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ bí ọ̀ràn náà ti tóbi tó. Ẹṣin tí a bá tọ́jú dáradára a máa gbé 25 sí 30 ọdún láyé, àwọn mìíràn sì ń kọjá bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹṣin kan wà tí wọ́n ń pè ní Old Billy, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa fa ọkọ̀ ẹrù ojú omi. Àkọsílẹ̀ sọ pé ọdún 1760 ni wọ́n bí i, ọdún 1822 ni ó sì kú, èyí tí ó jẹ́ 62 ọdún. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹṣin tí ó bá ti tó 20 ọdún ti di àgbà ní ojú gbogbo ènìyàn: ẹ̀yìn rẹ̀ a tẹ̀, irun funfun a yọ ní ojú rẹ̀, kò sì ní lè sáré bí ti àtijọ́ mọ́. Láàárín ọjọ́ tí agbára iṣẹ́ bá tán àti ọjọ́ ikú, ọdún 5 tàbí 10 lè wà. Kí ni ó yẹ kí ẹni tí ó ni ín ṣe ní gbogbo ọdún wọ̀nyí? Láti ìgbà láéláé, ìdáhùn méjì ni àwọn ènìyàn ti fún ìbéèrè yìí.

Ìdáhùn èkíní ni ti Marcus Cato, ará Róòmù, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí pé kì í ná owó ní ìnákúnàá. Ní ọdún 195 ṣáájú ìbí Kristi, ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olórí ìjọba Róòmù, ó sì kó ogun lọ sí Sípéènì. Nígbà tí ó ń padà bọ̀ wá sílé, ó fi ẹṣin tí ó gùn jagun sílẹ̀ níbẹ̀, kí ìlú má baà san owó ọkọ̀ tí yóò gbé e kọjá òkun. Ọkùnrin yìí kan náà kọ ìwé lórí iṣẹ́ àgbẹ̀. Nínú rẹ̀ ni ó ti gba àwọn olóko nímọ̀ràn pé kí wọ́n ta akọ màlúù tí ó ti gbó, kí wọ́n ta irinṣẹ́ tí ó ti pẹ́, kí wọ́n sì ta ẹrú tí ó darúgbó àti ẹrú tí ń ṣàìsàn. Ẹ kíyèsí bí ó ti tò wọ́n. Màlúù, irinṣẹ́, ènìyàn: orí ìlà kan náà ni gbogbo wọn wà.

Ìdáhùn kejì ni ti àwọn ará Áténì ní ilẹ̀ Gíríìkì. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé òrìṣà ńlá wọn tí a ń pè ní Parthenon, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 447 ṣáájú ìbí Kristi, àwọn ìbaaka wà lára àwọn tí ń fa ẹrù gòkè lọ síbẹ̀. Wọ́n tú àwọn tí ó ti ṣiṣẹ́ jù sílẹ̀ kí wọ́n lè máa jẹko. Ìtàn sọ pé ọ̀kan nínú wọn padà wá fúnra rẹ̀, ó ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rìn, ó sì ń ṣáájú wọn gòkè bí ẹni pé ó ń gbà wọ́n níyànjú. Àwọn ará ìlú bá pàṣẹ pé owó ìlú ni kí a máa fi bọ́ ọ títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Plutarch, ẹni tí ó kọ ìtàn ìgbésí ayé Cato ní ohun tí ó lé ní 200 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni ó gbé ìtàn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ó ní òun kò jẹ́ ta akọ màlúù tí ó ti bá òun ṣiṣẹ́ nítorí pé ó gbó, áḿbọ̀sì ènìyàn. Ó tún ní kí á máa fi àánú sí ẹranko kọ́ ara wa ní àánú sí ènìyàn.

Òótọ́ ni Plutarch sọ, ṣùgbọ́n mo rò pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì dé ìdí ọ̀ràn náà. Bí ó bá jẹ́ kìkì kí ọkàn tiwa lè rọ̀ ni a ṣe ń bọ́ ẹṣin arúgbó, a jẹ́ pé ara wa ni à ń ṣe lóore. Ó yẹ kí á bèèrè bóyá ẹṣin náà ní ẹ̀tọ́ kan lọ́dọ̀ wa. Ẹnìkan lè wí pé: “Ẹṣin kò bá mi ṣe àdéhùn. Mo rà á, mo sanwó rẹ̀, mo sì bọ́ ọ ní gbogbo ọjọ́ tí ó fi ṣiṣẹ́. Àwa méjèèjì kò jẹ ara wa ní nǹkan kan. Bí ó bá sì jẹ́ pé inú igbó ni ó wà, ọjọ́ tí eyín rẹ̀ bá tán ni yóò kú.”

Ọ̀rọ̀ yìí dún bí òótọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á tú u wò. Owó tí a san, ọwọ́ ẹni tí ó tà á ni ó lọ. Ẹṣin kò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Oúnjẹ tí ó jẹ nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́, láti inú rẹ̀ ni agbára tí a tún lò ní ọjọ́ kejì ti wá. Alágbàṣe tí a fún ní oúnjẹ ọ̀sán lóko kò ní gbà láé pé oúnjẹ náà ni owó iṣẹ́ òun. Ní ti igbó, lóòótọ́ ni ẹṣin inú igbó ń kú, ṣùgbọ́n títí di ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó fi ń wá koríko tútù kiri. Àwa ni a gba ìrìn yẹn lọ́wọ́ ẹṣin tiwa. A so ó mọ́lẹ̀, a ṣe ọgbà yí i ká, a sọ ọ́ di ẹni tí kò lè jẹ àfi ohun tí a bá gbé síwájú rẹ̀. Ẹni tí ó so ẹran mọ́lẹ̀ ni ó ni ebi rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe pe ọ̀ràn yìí ní gbèsè. Oore ni ohun tí ènìyàn lè ṣe tàbí kí ó fi sílẹ̀. Gbèsè a máa dúró de ẹni tí ó jẹ ẹ́.

Bí ó bá sì jẹ́ gbèsè, ó yẹ kí á mọ bí a ti ń san án, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tí inú wọn dára ni kò mọ̀ ọ́n san. Wọ́n rí i pé egungun ìhà ẹṣin wọn ti yọ síta, wọ́n sì da koríko púpọ̀ sí i síwájú rẹ̀. Oṣù kan kọjá, oṣù méjì kọjá, ẹṣin náà ń rù sí i. Wọ́n á ní, “Ogbó ni, kò ní oògùn.” Ṣùgbọ́n ogbó nìkan kì í sábà sọ ẹṣin di egungun, ohun kan máa ń wà tí ó fà á, ó sì yẹ kí á wá a rí.

Eyín ni kí á kọ́kọ́ wò. Eyín ẹṣin kò dà bí tiwa. Àwọn tí ó fi ń lọ koríko, 24 ni wọ́n, 12 lókè, 12 nísàlẹ̀. Wọ́n gùn wọ inú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, wọ́n sì ń yọ jáde ní nǹkan bí mílímítà 2 sí 3 lọ́dọọdún, bí koríko ti ń jẹ orí wọn. Ṣùgbọ́n gígùn wọn ní òpin. Nígbà tí ẹṣin bá ń sún mọ́ 30 ọdún, òmíràn nínú eyín náà lè ti tán dé gbòǹgbò, òmíràn a máa mì, òmíràn a ti yọ; etí òmíràn a sì mú bí ọ̀bẹ tí ń gé ahọ́n àti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹṣin bẹ́ẹ̀ lè máa jẹun láti òwúrọ̀ di alẹ́ kí ebi sì máa pa á. Ẹ wo ilẹ̀ níwájú rẹ̀. Bí ẹ bá rí koríko tí a ti jẹ dé ààbọ̀, tí ó wé mọ́ ara rẹ̀, tí itọ́ sì rin ín, ẹ mọ̀ pé kò lè lọ̀ ọ́ mọ́. Ẹni tí ó tún wá da koríko líle síwájú irú ẹṣin yìí ti tẹ́ ọkàn ara rẹ̀ lọ́rùn, ṣùgbọ́n kò bọ́ ẹṣin. Oníṣègùn ẹranko ni ó yẹ kí ó yẹ ẹnu náà wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ó fi irin dán etí eyín tí ó mú, kí ó sì yọ èyí tí ó ti bàjẹ́.

Lẹ́yìn eyín, kí á wọn ẹṣin náà, nítorí pé ojú a máa tan ènìyàn jẹ. Irun gígùn tàbí ikùn tí ó kún fún koríko lè bo rírù mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1983, ọ̀mọ̀wé Henneke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé òṣùwọ̀n kan jáde tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 9. Ẹni tí ó ku egungun ni 1, ẹni tí ọ̀rá bò ni 9. Ní 5, ojú kò ní rí egungun ìhà, ṣùgbọ́n ọwọ́ yóò bá a bí a bá fi kan ara rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú lè fi okùn ìwọ̀n ṣírò ìwúwo rẹ̀. Ẹ wọn àyíká àyà rẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, kí ẹ sì wọn gígùn rẹ̀ láti ṣóńṣó èjìká dé ṣóńṣó ìdí, méjèèjì ní sẹ̀ǹtímítà. Ẹ fi àyíká náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ fi gígùn sọ iye tí ó jáde di púpọ̀, kí ẹ sì fi 11,880 pín in. Bí àyíká bá jẹ́ 160, tí gígùn sì jẹ́ 165, ẹ ó rí kílò 355 àti díẹ̀. Kì í ṣe òṣùwọ̀n tí ó pé ṣánṣán, ṣùgbọ́n bí a bá ń ṣe é ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì tí a sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, a ó mọ̀ bóyá ẹṣin náà ń sanra tàbí ó ń rù, kí ojú wa tó rí i.

Nísinsìnyí kí á wá bọ́ ọ. Ẹṣin a máa jẹ koríko gbígbẹ tí ó tó 1½ sí 2 nínú 100 ìwúwo rẹ̀ lójúmọ́. Fún ẹṣin tí a ṣírò yìí, kílò 5 sí 7 ni. Bí eyín kò bá lè lọ̀ ọ́, ọwọ́ wa ni yóò ṣe iṣẹ́ eyín. A ó gé koríko náà kéékèèké tàbí kí á gún un, a ó sì rẹ ẹ́ sínú omi títí yóò fi rọ̀ tí kò ní há a lọ́fun. Ní ibi tí a ti ń gbin ẹ̀pà, ewé ẹ̀pà gbígbẹ tí kò bu a máa fún un lókun. A lè pò ó pọ̀ mọ́ eèrí ọkà, ṣùgbọ́n kí eèrí má pọ̀ jù. A lè da òróró díẹ̀ sí i, kí á sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, nítorí pé òróró ń fún ẹran ní agbára púpọ̀ láìsí pé ó kún ikùn. Ikùn ẹṣin kò tóbi bí ara rẹ̀ ti tóbi. Nítorí náà ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún lójúmọ́ dára ju ìgbà kan tí a kó gbogbo rẹ̀ fún un. Kí omi mímọ́ àti iyọ̀ má sì wọ́n níwájú rẹ̀. Bí ó bá wà láàárín àwọn ọ̀dọ́ ẹṣin, kí á máa bọ́ ọ lọ́tọ̀, nítorí pé wọn yóò lé e kúrò níbi oúnjẹ. Ṣùgbọ́n kí á má ṣe mú un kúrò láàárín wọn pátápátá, nítorí ẹṣin kò fẹ́ràn àdágbé.

Ibi tí ó ṣòro jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí ni sùúrù. Nínú ìfun ńlá ẹṣin, àìlóǹkà ohun abẹ̀mí wà tí ojú kò lè rí, àwọn ni wọ́n ń sọ koríko di agbára fún un. Bí a bá yí oúnjẹ rẹ̀ padà lójijì, wọn a kú, inú a sì run ẹṣin náà dé ojú ikú. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni ó yẹ kí á fi yí i padà. Ti ẹṣin tí ebi ti pa fún ìgbà pípẹ́ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá da ọkà kún agbọ̀n fún un ní ọjọ́ kan, àwọn iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè dàrú, ọkàn rẹ̀ lè dáwọ́ dúró, àánú wa a sì pa á. Koríko rírọ̀ díẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́, ni a ó fi bẹ̀rẹ̀, oníṣègùn yóò sì máa ṣọ́ ọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Oṣù púpọ̀ ni yóò gbà kí ẹran tó padà bo egungun. Ẹni tí ó bá ń ṣe oore a lè fẹ́ rí èrè rẹ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń san gbèsè kò gbọ́dọ̀ kánjú bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí á mẹ́nu kan àìsàn pẹ̀lú. Aràn lè máa jẹ ohun tí ẹṣin ń jẹ; a ó yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò kí á tó fún un ní oògùn. Àrùn kan tún wà tí a ń pè ní Cushing, tí ó máa ń mú àwọn àgbà ẹṣin: irun wọn a gùn jù, kì í sì í rẹ̀ bí ó ti yẹ, ẹran ẹ̀yìn wọn a joro, pátákò ẹsẹ̀ a sì máa dùn wọ́n. Irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ máa jẹ ọkà àti ohun dídùn, bí ó ti wù kí ó rù tó. Oògùn wà tí ó ń dá àrùn náà dúró, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gbà pé ogbó ni ó ń ṣe ẹṣin òun kò ní wá a lọ.

Ṣùgbọ́n ẹnìkan yóò béèrè pé, “Ta ni yóò san gbogbo owó yìí, nígbà tí ọmọ ń sunkún oúnjẹ nílé?” Ìbéèrè náà tọ́, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Káírò ní ilẹ̀ Íjíbítì yóò sì ràn wá lọ́wọ́ láti dáhùn rẹ̀. Nígbà tí ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1914 parí ní ọdún 1918, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ta ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹṣin ogun rẹ̀ síbẹ̀. Ní ọdún 1930, obìnrin kan tí ń jẹ́ Dorothy Brooke, aya ọ̀gágun kan, dé Káírò, ó sì rí àwọn tí ó kù nínú wọn ní ìgboro. Wọ́n ti darúgbó, wọ́n rù kan egungun, síbẹ̀ wọ́n ń fa ẹrù. Ó kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn Morning Post ní ọdún 1931, àwọn ènìyàn sì fi owó ránṣẹ́. Láàárín ọdún mẹ́ta, òun àti àwọn tí ó ràn án lọ́wọ́ ti ra nǹkan bí 5,000 nínú wọn. Ní ọdún 1934 ó dá ilé ìwòsàn kan sílẹ̀ ní Káírò, níbi tí a ti ń tọ́jú ẹran àwọn tálákà lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ náà ṣì wà títí di òní ní ilẹ̀ púpọ̀.

Ẹ̀kọ́ méjì ni mo rí níbẹ̀. Èkíní, obìnrin náà kò lọ nawọ́ sí tálákà tí ń lo ẹṣin náà bí ọ̀tá. Ó ra ẹṣin náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tún kọ́ ilé tí yóò ti rí ìwòsàn fún ẹran tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí ó lówó tí wọ́n sì ta ẹṣin sọnù ni gbèsè náà wà lọ́rùn wọn jù. Èkejì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹṣin tí ó rà ni kò lè yè mọ́. Ó fún wọn ní oúnjẹ, omi àti ibi rírọ̀ láti dùbúlẹ̀, lẹ́yìn náà a fi ikú tí kò ní ìrora tú wọn sílẹ̀. Èyí pẹ̀lú jẹ́ sísan gbèsè. Ẹni tí kò ní owó láti fi oṣù mẹ́fà sọ ẹṣin rẹ̀ di olókun ṣì lè kọ̀ láti tà á fún ẹni tí yóò lò ó pa. Ó lè wá ẹni tí yóò gbà á tọ́jú. Bí ìrora bá sì ti kọjá ìwòsàn, ó lè pe oníṣègùn kí ó fún un ní ìsinmi. Ohun tí kò ní ẹ̀tọ́ láti ṣe ni kí ó so ó mọ́ igi, kí ó sì yí ojú padà.

Ọ̀ràn yìí kan ilẹ̀ wa pẹ̀lú. Agbára Ọ̀yọ́ àtijọ́ wà lára àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀, láti ìhà àríwá ni wọ́n sì ti ń ra ẹṣin, nítorí pé eṣinṣin tsetse ń pa wọ́n nínú igbó. Nítorí náà ẹṣin tí ó bá gbó lọ́wọ́ àwọn baba wa tó ohun àmúyangàn. Títí di òní, ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, àwọn ìdílé Balógun a máa gun ẹṣin tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ wá sí Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn a sì máa hó yèè. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tiwa ni èyí tí kò sí ìlù nínú rẹ̀: ẹṣin tí ó jó níbẹ̀ ní 15 ọdún sẹ́yìn, níbo ni ó wà nísinsìnyí, kí ni ó sì rí jẹ ní àárọ̀ òní?

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò ní ní ẹṣin láé. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò ní àgbà nílé. Màmá àgbà ta oúnjẹ nù, a sì ní, “Kì í jẹun mọ́, ogbó ni.” Ta ni ó ti wo ẹnu rẹ̀? Ta ni ó bèèrè bóyá iṣu náà ni ó le jù, bóyá àmàlà tàbí ẹ̀kọ gbígbóná ni yóò lè jẹ, bóyá ó ń fẹ́ kí ẹnìkan jókòó tì í bí ó ti ń jẹun? Bí a ti ń ṣe sí ẹṣin tí a so mọ́ èkàn ni a lè wá máa ṣe sí ẹni tí ó wà ní yàrá inú lọ́hùn-ún. Kí ẹ tó wí fún ẹnikẹ́ni pé ogbó ni, ẹ kọ́kọ́ wo eyín rẹ̀, ẹ sì se oúnjẹ rẹ̀ kí ó rọ̀.